Orí Iṣu Tí Mo Gbé Fún Ìyá Agánigbá

Òórùn irú ló máa ń gbé ọjọ́ náà padà wá bá mi. Irú tí a ti sè ní àná, tí a fi ewé bò mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n, tí òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá. Mo jókòó sábẹ́ igi osè iwájú ilé Bàbá Oníwèé, mo ń fi omi àti eérú fọ èèpo kúrò lára hóró igba tuntun tí a ó fi ṣe irú, ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá. Bàbá Oníwèé ni olórí ìjọ wa. Wọ́n tà á sí òkun nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn aláwọ̀ funfun gbà á sílẹ̀ lójú omi, wọ́n sì kó o lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti mọ̀wé, ibẹ̀ ló ti di onígbàgbọ́. Ìgbà tí orí rẹ̀ funfun tán ló wọ ọkọ̀ òkun padà, tó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti etí òkun wá sí ilẹ̀ wa, pẹ̀lú ìwé kan tó fi awọ ewúrẹ́ wé, àti agogo ọwọ́ kan tí ahọ́n rẹ̀ ti já, tó jẹ́ pé òkúta ló fi ń lù ú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ń kàwé sókè fún ara rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó dé ibi ìtàn àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù: ìjọ kan ni wọ́n, èdè méjì ni wọ́n ń sọ, nígbà tí wọ́n bá sì ń pín oúnjẹ, wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè kejì. Àwọn opó náà kùn. Àwọn àgbà méjìlá tó jẹ́ olórí kò dá a rò láàárín ara wọn. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ènìyàn méje. Bàbá wá ka orúkọ àwọn méje náà. Mo dá ọwọ́ dúró nínú omi.

“Bàbá, irú orúkọ wo nìyẹn? Kò jọ àwọn tí ẹ kà lánàá.”

“Orúkọ Gíríìkì ni. Èdè àjèjì.”

“Àwọn méjèèje?”

“Àwọn méjèèje.”

“Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń kùn ni wọ́n kó ọ̀bẹ oúnjẹ lé lọ́wọ́?”

Ó gbójú sókè wò mí bí ẹni pé ewúrẹ́ ló sọ̀rọ̀. “Onírú, fọ igba rẹ.”

Mo fọ igba mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún tó já sínú ẹran. Ìwọ tí a jọ dàgbà, o mọ̀ pé bí nǹkan bá ti mú mi, n kì í jẹ́ kó lọ. Mo bẹ Bàbá títí ó fi kọ́ mi ní lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí iyẹ̀pẹ̀, mo sì ń san án ní irú. Ohun tí mo fẹ́ kà kò ju orúkọ méje yẹn lọ, kí n lè fi ìka mi kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n kà tán, mo wá ibòmíràn tí àwọn ará àkọ́kọ́ yẹn ti fi ẹnu kò kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Mo rí ibi mẹ́ta. Èkínní ni ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn méjìlá ṣègbé, tí wọ́n mú ẹni méjì jáde, tí wọ́n sì ṣẹ́ kèké lé wọn. Èkejì ni ti àwọn méje. Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù: ìjà ńlá lórí bóyá kí àwọn àjèjì tó gbàgbọ́ kọlà tàbí kí wọ́n má kọlà. Wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn gan-an, àwọn tó ti ìrìnàjò dé sọ ohun tí ojú wọn rí, ìjọ dákẹ́ gbọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn kò dá lọ o. Wọ́n yan ènìyàn méjì kún àwọn tó mú un lọ, kí ẹnu ènìyàn lè jẹ́rìí sí ohun tí ìwé sọ. Mo lè sọ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún ọ láìfo ohun kan. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ra irú lọ́wọ́ mi, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Mo sọ èyí ṣáájú kí o lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀.

Ilé mẹ́tàdínlógún ni ìletò wa, ní etí odò kékeré tó wà láàárín Tchaourou àti Sanson. Àwọn Mùsùlùmí Tchaourou ló fún wa ní ilẹ̀ náà, nígbà tí a sá kúrò ní apá Ṣábẹ̀ nítorí ogun tó ń ti gúúsù wá. Ìdajì wa jẹ́ Nàgó. Ìdajì tó kù jẹ́ Baríbá: ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú, opó tí kò ní ilé mọ́, ọdẹ tí ogun ti jó abúlé rẹ̀. Wọ́n wá bá wa torí wọ́n gbọ́ pé a kì í ta ènìyàn lọ́dọ̀ Bàbá Oníwèé. Òótọ́ sì ni. A kò ta ẹnikẹ́ni. Ohun mìíràn ni a ṣe.

Nínú àwọn Baríbá yìí ni Ìyá Agánigbá wà. Opó ni, ó ti tó àádọ́rin ọdún, ó tín-ín-rín, ó ga, ojú òsì rẹ̀ ti fọ́. Igbá tó bá ti là ni wọ́n ń gbé wá bá a. Yóò fi irin gbígbóná lu ihò wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tó là, yóò sì fi okùn ọ̀gbọ̀ gán an pọ̀, ojú ọ̀kan ṣoṣo ló fi ń rí i, síbẹ̀ omi kò ní jò. Mo máa ń jókòó tì í wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ka ihò kan rí: mọ́kànlélógún ní apá kan, mọ́kànlélógún ní apá kejì. Mo gbọ́ èdè Baríbá láti ọjà irú, nítorí náà a máa ń sọ̀rọ̀, òun àti èmi.

Ní àkókò ìwúṣu ọdún náà, ogun gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi wà nínú igbó ní òdìkejì odò Òkpárà, tí a ń fi ọwọ́ dí ẹnu àwọn ọmọ wa. Nígbà tí a padà, iná ti jó gbogbo abà iṣu wa tán, àfi ẹyọ kan tí ìjì ti wó igi lé lórí, tí ewé rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Abà kan yẹn ló kù láàárín wa àti iṣu tuntun ọdún tó ń bọ̀. Bàbá Oníwèé fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, ó so kókó kan tí òun nìkan mọ bí a ṣe ń tú u, ó sì lu agogo rẹ̀.

“Mo ti gbàdúrà,” ló wí. “Èyí ni ohun tí a ó ṣe. Àwọn ará ilé yóò máa gba àárín iṣu àti ìdí rẹ̀. Àwọn tó wá bá wa yóò máa gba orí. Iṣu ni orí náà.”

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, o ti gbọ́ ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Orí iṣu kì í ṣe oúnjẹ. Ó le, ó kún fún okùn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́. Orí iṣu ni à ń gbìn. Ọdún tó ń bọ̀ ni. Èèbù wa ti jóná nínú àwọn abà yòókù, orí iṣu inú abà kan yìí nìkan ni irúgbìn tí a ní lábẹ́ ọ̀run. Àgbẹ̀ tí ebi ń pa kú lọ yóò ṣì gé orí iṣu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n Sàró ni Bàbá Oníwèé ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, igi ló ń là níbẹ̀, kò kọ ebè rí láti ìgbà tí wọ́n ti tà á. Ó mọ̀ pé orí iṣu kò dùn. Kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ogún àgbẹ̀ tó dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn mọ̀, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu, torí kò bi ẹnikẹ́ni. Àwọn kan dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Àwọn kan dákẹ́ nítorí àárín iṣu ló kàn wọ́n. Èmi wà lára àwọn tí àárín kàn.

Torí pé mo gbọ́ èdè méjèèjì, èmi ni ó ní kí n máa gbé apẹ̀rẹ̀ náà lọ sílé àwọn Baríbá ní gbogbo ọjọ́ Olúwa. Orí mẹ́ta fún ẹnì kan. Mo mọ orúkọ méje náà lórí, mo sì ń gbé apẹ̀rẹ̀ orí iṣu lọ.

Ní ọjọ́ Olúwa kẹrin, àwọn obìnrin wa méjì tẹ̀ lé mi torí kí wọ́n lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ebi máa ń jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ ẹni tí yóò wò nílẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Agánigbá. Ọ̀kan wí fún un pé, “Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa o, Ìyá. Ẹṣin àwọn bàbá yín ló tẹ ebè àwọn bàbá wa mọ́lẹ̀. Ẹ̀san ni.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. N kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́.

Ìyá Agánigbá kò gbójú kúrò lára igbá ọwọ́ rẹ̀. “Sọ fún un pé èmi kò gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹṣin. Bó bá sì jẹ́ pé orí iṣu ni wọ́n fi ń gbẹ̀san, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bóyá eyín rẹ̀.”

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Wọ́n gbé e lọ bá Bàbá Oníwèé pé ó ṣépè. Bàbá ní kí n yọ méjì kúrò nínú ìpín rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo padà lọ, mo yọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” bí ẹni tí mo fún ní nǹkan.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé èéfín kì í jáde láti ibi ààrò rẹ̀. Kò sí èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Ewé osè gbígbẹ ló ń pò mu, àti ìyẹ̀fun igba tí àwọn ọmọ máa ń lá ṣeré. Ara rẹ̀ ń yọ́ lọ. Ní ọjọ́ Olúwa kẹsàn-án, ó na okùn sí mi kí n bá a fi bọ ihò abẹ́rẹ́, nítorí pé kò lè ṣe é fúnra rẹ̀ mọ́.

“Ìyá, ẹ kì í se iṣu yín ni?”

“Mò ń tọ́jú rẹ̀.”

“Fún ta ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ mélòó kan ló kù. “Fún ẹni tí ebi yóò pa.”

Mo rò pé ahun ló ń ṣe é. Mo sọ ọ́ létí odò pé ìyá arúgbó Baríbá kan ń to iṣu jọ sínú yàrá kó lè kú tì í. A rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹnì kan ní ká lọ yẹ inú ilé rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ wá jù.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá. Nígbà tí mo gbé e dé lẹ́ẹ̀kẹtàlá, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, igbá kan wà lórí itan rẹ̀ tó ti gán dé ìdajì, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ihò. Ara rẹ̀ ti tutù. Mo wo inú yàrá rẹ̀. Kò sí iṣu kankan níbẹ̀. Mo gbé orí mẹ́ta náà padà sílé, a sè é, a sì jẹ ẹ́ ní ilé mi kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti kú. N kò sọ èyí fún ẹlòmíràn rí.

Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ, ló gbẹ́ ilẹ̀ fún un pẹ̀lú àwọn Baríbá méjì. Kò sí Nàgó kankan tó di ọkọ́ mú. Bàbá Oníwèé gba àdúrà kúkúrú. Nǹkan bí ọ̀sán, bàbá Mùsùlùmí kan láti Tchaourou, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, wá kí wa kú aráfẹ́rakù pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọkà bàbà méjì. Ìyá Agánigbá ló máa ń gán igbá fún ilé rẹ̀. Àkókò ìrun tó, ó sì bu omi, ó lọ sẹ́yìn ilé òkú láti ṣe àlùwàlá. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ta ló ni oko yìí?”

A lọ wò ó. Ẹ̀yìn ilé yẹn kò sí lójú ọ̀nà ẹnikẹ́ni, àpáta àti igbó ṣúúrú ló wà níbẹ̀. Ebè ni mo rí, kéékèèké, irú èyí tí ọwọ́ tí kò lágbára lè kọ, ó fi koríko gbígbẹ dé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kí oòrùn má baà pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn iṣu ti ń hù. Ọ̀mùnú pupa tín-ín-rín ti ń yọ jáde láàárín koríko. Mo kà á: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejìlá, mẹ́ta mẹ́ta, jẹ́ mẹ́rìndínlógójì; mo sì mọ ibi tí méjì tó kù lọ, èmi ni mo yọ wọ́n.

Bàbá Mùsùlùmí náà wò wá. “Kò sí èèbù mìíràn lọ́wọ́ yín?”

Kò sí lóòótọ́. Gbogbo orí iṣu ìletò wa ló ti gba inú ìkòkò àwọn Baríbá kọjá, àfi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yìí àti ìwọ̀nba tó kù nínú abà.

“Ní mọ́ṣáláṣí wa,” ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń dúró níwájú, ì báà jẹ́ ẹrú. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ fún wa pé ọmọ bàbá kan ni yín.” Ó gbé ìkòkò omi rẹ̀, ó lọ kírun rẹ̀ níbòmíràn.

Bàbá Oníwèé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ọlọ́run ti pèsè,” ló wí. “Ẹ hú u. Iṣu inú rẹ̀ kò tíì rà. Yóò tó jẹ fún ọjọ́ méjì.”

Ọdẹ kọjá sí àárín àwọn ebè náà. Ọkọ́ tó fi gbẹ́ sàréè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní Nàgó, èyí tí kì í fẹ́ sọ. “Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ebè kan níbí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò sùn. Lọ́la, èmi àti àwọn ènìyàn mi ń lọ sí apá Alafiarou. A ó kó èèbù wa dání.”

Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn tó ń jí ènìyàn tà wà lójú ọ̀nà yẹn. Bí ìdajì bá lọ, àwọn tó ń lọ yóò kéré jù láti gba ara wọn sílẹ̀, àwa tó kù yóò kéré jù láti ṣọ́ ìletò, a kò sì ní ní ohun tí a ó gbìn. Kí òjò tó dá, kò ní sí ìjọ kankan létí odò yẹn. Bàbá Oníwèé mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó gbé ọwọ́ sókè kó lè pàṣẹ.

N kò mọ bí mo ṣe la ẹnu. “Àwọn opó kan wà tí wọ́n ń fò nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ,” mo wí.

“Onírú, jókòó.”

“Mo ti jókòó jù, Bàbá.” Mo ka orúkọ méje náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka kà wọ́n. “Ẹ̀yin ni ẹ kà á sí mi létí. Gíríìkì ni àwọn méjèèje. Àwọn méjìlá mọ Jésù lójúkojú, síbẹ̀ wọn kò dá a rò. Ta ni àwa rò pé a jẹ́? Àwọn tí a fi ebi pa ni kó yan ẹni tí yóò máa pín oúnjẹ.”

Bàbá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò ṣí i. Lẹ́yìn náà ló bi ọdẹ, “Kí ni ẹ fẹ́?”

“Kí gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀,” ni ọdẹ wí. “Kí tìrẹ gbẹ̀yìn.”

A jókòó sábẹ́ igi osè. Gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀, a kò fo ẹnì kan, opó, ọmọge, arọ, ẹni tó máa ń kólòlò. Èmi ni mò ń túmọ̀, láti èdè kan sí èkejì. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo túmọ̀ lọ́jọ́ náà kò dùn. Ìyá Baríbá kan ka iye orí iṣu tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ jáde kó tó kú. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ ẹṣin sọ pé òun kò tọrọ àforíjì, pé wọ́n tẹ bàbá òun pa lóòótọ́. A jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a ti fẹnu kò sí ohun mẹ́ta. Àwọn méje ni yóò máa pín oúnjẹ, Baríbá ni gbogbo wọn, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́ta. Gbogbo orí iṣu tó kù nínú abà di gbígbìn, a kò sì ní hú ebè Ìyá Agánigbá, bó ti wù kí ebi le tó. Ìkẹta, ọdẹ ló mú un wá: ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé e mọ́ láé. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn Nàgó, mo sì gbé ọwọ́ mi sókè pẹ̀lú àwọn tó fara mọ́ ọn.

“Ebi yóò pa wá,” ni arúgbó Nàgó kan wí lórí ọ̀rọ̀ ebè.

“Ó ti pa ẹnì kan,” ni ọdẹ wí.

Bàbá Oníwèé ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. “Ẹ fi í sílẹ̀,” ló wí. “Kó hù.” Ó tú kókó okùn abà níṣojú gbogbo wa, ó sì fi okùn náà lé obìnrin Baríbá tó dàgbà jù lọ lọ́wọ́.

Má rò pé ayọ̀ ló tẹ̀ lé e. Oṣù márùn-ún ló kù kí iṣu tuntun tó jáde. Igbá tí Ìyá Agánigbá gán dé ìdajì kó tó kú, wọ́n gán an parí, òun ni wọ́n fi ń wọn oúnjẹ, igbá kan fún àgbà, igbá kan fún ọmọdé, igbá kan fún Bàbá. Àwọn méje kì í fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kó ṣófo lẹ́tí. Mo wò wọ́n, nítorí mo fẹ́ rí ibi tí wọn yóò ti gbẹ̀san lára wa. N kò rí i. Ohun tí mo rí le ju ẹ̀san lọ: bákan náà ni fún gbogbo ẹnu.

Bàbá Oníwèé ti darúgbó. Láti ọjọ́ tó ti dé, ohun tó dára jù nínú ìkòkò gbogbo ilé ni a ti ń gbé lọ bá a, ara rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ebi. Nígbà tí oṣù kẹrin ń parí lọ, ó fi ọ̀pá rìn dé ibi tí wọ́n ti ń pín in, ó na àwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdẹ, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méje, wò ó. “Bàbá,” ló wí, “a jọ sọ ọ́ ni.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan, èyí tó máa ń rín nígbà tí mo bá ka lẹ́tà kan tó le láìṣìnà. “Òótọ́ ni,” ló wí, ó sì gbé àwo rẹ̀ padà lọ. Mo lè fún un nínú tèmi. N kò fún un. Mo ní ọmọ méjì.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọdẹ ló ń pọ̀n ọ́n wá síbi àdúrà, tí ń pọ̀n ọ́n padà. Ó kú nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a hú iṣu àkọ́kọ́. Baríbá méjì àti Nàgó méjì ló gbé e, a sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Agánigbá, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rọ̀. N kò lè sọ fún ọ pé inú ọdẹ bàjẹ́. N kò lè sọ pé inú rẹ̀ dùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹnì kan nínú ìjọ tó sọ pé Baríbá ló pa Bàbá Oníwèé, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́, torí ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a fẹnu kò. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló dá a pàṣẹ ni, ọ̀bẹ ni à bá fi yanjú rẹ̀.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Nígbà tí mò ń fọ igba lábẹ́ osè yẹn, mo rò pé ìfẹ́ ló so àwọn ará Jerúsálẹ́mù pọ̀, tí wọ́n fi lè jọ dá ọ̀rọ̀ rò. Mo ti kà á sẹ́yìn. Kíkùn ló ṣáájú. Àwọn opó tí ebi ń pa ló ṣáájú. Wọ́n jọ dá a rò nítorí pé wọ́n ti ń ya, ohun tí wọ́n sì jọ sọ ni kò jẹ́ kí wọ́n ya, kódà lọ́jọ́ tó dùn wọ́n. Ìṣọ̀kan tí mo mọ̀ kò ní ẹ̀rín nínú. Ó dà bí igbá tí a gán: o ń rí ojú ibi tó là ní gbogbo ìgbà tí o bá fi mu omi. Ìyá Agánigbá kò jókòó nínú ìpàdé kankan, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun kan rí. Bí a bá ti bi í, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni ì bá sọ, gbogbo wa là bá ti yè, òun pẹ̀lú.

Ọdún kẹjọ nìyí. N kò fi ọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ mọ́, n kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà fún mi. Ẹ̀yìn okùn ààlà ni mo máa ń dúró bí àwọn méje bá ń ka ebè oko àjùmọ̀ni, tí gbogbo èèbù inú rẹ̀ ti inú ebè ẹ̀yìn ilé yẹn àti orí iṣu ìkẹyìn abà wa wá. Wọ́n ń kà á sókè ní èdè Baríbá. Èmi ń kà á nínú ọkàn mi ní Nàgó. Nígbà tí a dé òpin ní àárọ̀ àná, ọdẹ yíjú sí mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà.

“Mélòó ni tìrẹ?”

“Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rin.”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Iye kan náà ni wọ́n ní.